Bí a ṣe ń kọ ìtàn ìgbà èwe ọmọ òṣìṣẹ́: ìtọ́sọ́nà fún ọmọbìnrin Yorùbá tó dàgbà lókè Ọya

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń sọ pé àwọn fẹ́ kọ ìwé nípa bí wọ́n ṣe dàgbà kì í kọjá ojú ewé kẹwàá. Ojú ewé kìíní á sọ ọjọ́ tí a bí wọn àti ìlú tí bàbá bàbá wọn ti wá. Ìkejì á sọ pé ìyà jẹ ìyá wọn. Ìkẹta á tún un sọ. Tó bá fi máa di ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu, òǹkọ̀wé á sì máa rò ó pé bóyá ilé tí òun ti jáde kò tó ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé.

Ó tó. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń tán ni pé ìyà ni wọ́n ń kọ, wọn ò kọ iṣẹ́. Ìyà kì í ju gbólóhùn kan lọ, ohùn kan náà ló sì ní nínú gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ní aago, ó ní irinṣẹ́, ó ní ọ̀gá, ó ní òórùn, ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ àti oṣù tí wọn ò san án. Ibẹ̀ ni ìwé yín wà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì, Zaria, Minna, tàbí ní Nyanya àti Mararaba lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ, ọmọ mẹ́sẹ́ńjà, ọmọ dírẹ́bà, ọmọ bíríkìlà, ọmọ ìyá alákàrà.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé ńlá kan tí ẹ ò ní kọ nǹkan mìíràn sí, àti bírò.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀.
- Báàgì tàbí àpótí tí ìdílé ń kó ìwé àtijọ́ sí. Ẹ wá ìwé owó oṣù, káàdì àjọ, rísíìtì ilé-ìwé, fọ́tò, lẹ́tà kúẹ́rì tí ọ̀gá kọ sí bàbá yín. Kúẹ́rì wúlò gan-an: ọjọ́ wà lórí rẹ̀, orúkọ iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ẹ̀sùn náà sì máa ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ nílé.
- Ẹnì kan tó dàgbà jù yín lọ tó bá yín gbé ilé náà.
- Àkókò tí ẹnì kan ò ní pè yín. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Nyanya lọ sí iṣẹ́ lóròòwúrọ̀ ti ní in: ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ sínú fóònù lójú ọ̀nà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́. Ẹ má dúró de ìsinmi.

Tí iná bá ti jó àpótí yẹn, tàbí tí ẹ fi í sílẹ̀ sá nígbà rògbòdìyàn, ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró. Ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún wà fún irú yín.

Ìpele kìíní: Ẹ yan ilé kan

Ẹ kọ gbólóhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Láti ìgbà tí a kó dé…" tó sì parí pẹ̀lú "…títí di ìgbà tí…" Bí àpẹẹrẹ: láti ìgbà tí a kó dé yàrá kan ní Kakuri ní Kàdúná títí di ìgbà tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ aṣọ tí Bàbá ń bá ṣiṣẹ́. Tàbí: láti ìgbà tí Màmá kó wa láti Ìlọrin wá sí Mararaba títí di ọjọ́ tí mo wọ ilé-ìwé gíga. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ibi méjèèjì ni ìwé yín. Ìyókù lè dúró de ìwé mìíràn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: ìtàn ìlú bàbá. Wọ́n á fẹ́ kọ́kọ́ sọ bí ìdílé ṣe kúrò ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ọba tó wà lórí oyè, orúkọ agbo ilé. Mo mọ ohun tó ń fà á. Àwa tí wọ́n bí sókè Ọya, tí a bá délé lọ́dún, wọ́n á ní ṣé a ṣì gbọ́ Yorùbá, a sì máa ń fẹ́ fi hàn pé a ní orírun. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlú yẹn ti wọ inú yàrá yín gan-an ni kí ẹ fi í sí: oríkì tí Màmá fi ń jí yín, owó tí Bàbá ń fi ránṣẹ́ sílé ní Iléyá tàbí Kérésì, ìpàdé ọmọ ìlú lọ́jọ́ Àìkú níbi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé.

Àyẹ̀wò: ẹ ka gbólóhùn yín fún ẹni tí kò mọ ìdílé yín rárá. Tó bá bi yín pé kí ló wá ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ̀síwájú. Tó bá kàn kí yín kú iṣẹ́, ẹ tún un kọ.

Ìpele kejì: Ẹ ya ilé náà sórí ìwé

Kò dìgbà tí ẹ bá mọ àwòrán yà. Ẹ ya zaure tí wọ́n ń gbà wọlé, àgbàlá, kànga, ilé ìyàgbẹ́, igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí sítóòfù yín ń gbé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀, àti èdè tó fi ń bá yín sọ̀rọ̀ tí inú bá ń bí i. Nínú yàrá tiyín, ẹ ya ibi tí kọ́tìnnì ti pín in sí méjì, ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ń sùn lórí ẹní, àti ibi tí orí kálukú ń kọ sí. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀kejì fún ìgbà ooru, nítorí ní oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, ọ̀pọ̀ ilé lókè Ọya ló ń kó ẹní bọ́ sí àgbàlá, àwọn ọmọ a sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́ níbẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Tó bá ní "Rárá o, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni agbada omi wà, ibẹ̀ ni mo ti ṣubú," iṣẹ́ ti ń lọ. Ẹ kọ ohun tó sọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà.

Ìpele kẹta: Ẹ kọ iṣẹ́ náà láti ìdájí dé alẹ́

Èyí ló máa gba àkókò yín jù, kí ẹ sì jẹ́ kó gbà á.

Ẹ yan òbí kan àti ọjọ́ iṣẹ́ kan. Aago mélòó ló ń jí? Kí ló ń wọ̀, ta ló ń fọ̀ ọ́? Kí ló ń gbé dání? Ẹsẹ̀ ni tàbí kẹ̀kẹ́? Tó bá débẹ̀, kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe gan-an? Kí ló ń dùn ún lára tó bá dé?

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ Kàdúná. Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, wọ́n sì tì í ní 2002. United Nigerian Textiles ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní 2007. Ọdún wọ̀nyẹn dára láti mọ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe ìtàn. Ìtàn ni pé ṣíìfù ni wọ́n ń ṣe, àárọ̀, ọ̀sán, òru, yípo yípo. Ní ọ̀sẹ̀ tí Bàbá bá wà ní ṣíìfù òru, yàrá kan ṣoṣo tí ẹ ní ti di ibi tí ẹnì kan ń sùn lọ́sàn-án. Níbo ni àwọn ọmọ ń lọ? Ta ló ń na ẹni tó bá pariwo? Ẹ kọ òwú funfun tó lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, ikọ́ tí wọ́n ń pè ní òtútù, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ sókè nílé nítorí ariwo ẹ̀rọ ti di etí rẹ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ní tirẹ̀: fèrè ọkọ̀, kọ́tà, yunifọ́ọ̀mù kákí, àti oṣù tí owó ò dé.

Iṣẹ́ ìyá ló máa ń ṣòro jù, nítorí pé a máa ń pè é ní "ọjà díẹ̀díẹ̀", a ó sì kọjá lọ. Ẹ má kọjá. Tó bá jẹ́ àkàrà ló ń dín, ta ló ń bó ẹ̀wà náà lálẹ́? Ta ló ń gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, tí ó sì ń dúró títí iná á fi dé? Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ó ti wú tó, pé òróró ti gbóná tó? Obìnrin Hausa tó ń ta koko, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́, tí oníbàárà wọn jẹ́ ẹnì kan náà? Kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, èdè wo ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ta ló ń bá ta ṣọ́ ọjà tí ọmọ bá ń ṣàìsàn? Òróró tó kù lálẹ́, ṣé ó di ti ọbẹ̀ ni àbí ti àárọ̀ ọ̀la?

Lẹ́yìn iṣẹ́, owó. Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé kan: owó tó wọlé lápá kan, èyí tó jáde lápá kejì. Owó yàrá, owó ilé-ìwé, kẹrosíìnì, omi lọ́wọ́ mai ruwa, àjọ, owó ìpàdé, gbèsè lọ́wọ́ alátẹ. Tí ẹ ò bá rántí iye, ẹ ṣáà kọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn: èwo ni wọ́n ń kọ́kọ́ san, èwo ló ń dúró? Ilé tó ń san owó ilé-ìwé kó tó san owó yàrá ní ìtàn tirẹ̀. Ilé tó ń san owó ìpàdé ọmọ ìlú kó tó ra bàtà fún ọmọ ní òmíràn. Mo gbà pé kò sí ohun tó ń sọ irú ènìyàn tí òbí ẹni jẹ́ tó ìtẹ̀léra yìí.

Ẹ wá wo gbólóhùn méjì. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa ń rí jù:

"Ìyá mi ṣe làálàá púpọ̀. Nígbà mìíràn oúnjẹ kì í tó wa."

Ìkejì:

"Tí oṣù bá ti kọjá ogúnjọ́, Màmá kì í fi agolo wọn gàrí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń bù ú: ẹ̀kúnwọ́ kan fún Bàbá, ìdajì fún èmi, ìdajì fún àbúrò mi. Á wá yí báàgì náà dé orí abọ́ tirẹ̀, á sì máa gbọ̀n ọ́n."

Kò sí "ìyà" nínú ìkejì, kò sí "làálàá". Tí ẹ bá ti kọ irú rẹ̀ tán, ẹ gbé bírò sílẹ̀. Ẹ má fi "Akíkanjú obìnrin ni ìyá mi" kún un. Òǹkàwé ti rí i.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ojú ewé náà fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yẹn rí, kí ẹ sì ní kó ṣàlàyé rẹ̀ padà fún yín. Ibi tó bá ti dúró ni ẹ ti fo nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sábẹ́ "ìyà", "ìṣẹ́", "làálàá" àti "ìjìyà" níbikíbi tí wọ́n bá wà. Tí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ lójú ewé kan, ẹ pa ìyókù rẹ́, kí ẹ fi ohun tí ọwọ́ lè dì mú rọ́pò wọn.

Ìpele kẹrin: Ẹ wá ọdún rẹ̀

Ìdílé òṣìṣẹ́ kì í sábà kọ ọjọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló rántí ohun tó kan ìlú. Ẹ fi ohun tó kan ìlú wá ohun tó kan ilé:

- 2 oṣù Kẹrin 1972, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún.
- 1 oṣù Kìíní 1973, tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, tẹ̀ lé e ní 1975.
- Oṣù Kẹsàn-án 1976, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀.
- Oṣù Kejìlá 1980, ogun Maitatsine, rògbòdìyàn ẹ̀sìn, ní Kánò.
- 1984, tí wọ́n yí àwọ̀ owó padà.
- 12 oṣù Kejìlá 1991, tí olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí Àbújá.
- 12 oṣù Kẹfà 1993, ìdìbò tí wọ́n fagi lé.
- Oṣù Kejì 2000, rògbòdìyàn Ṣàríà ní Kàdúná.
- 2001, tí fóònù alágbèéká GSM dé.

Ìbéèrè tó ń ṣiṣẹ́ ni: "Ṣé kí wọ́n tó yí àwọ̀ owó padà ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Ẹni tó ní òun ò rántí ọdún kankan á dáhùn ìyẹn lójú ẹsẹ̀, á sì sọ ẹni tó bá a tò sí báǹkì. Ẹ̀yin tí bàbá yín wá kọ́ Àbújá, tí ẹ gbé Nyanya nígbà tó ṣì jẹ́ àgọ́ òṣìṣẹ́, ẹ lè bi wọ́n pé ilé ìjọba wo ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí àbúrò yín.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú ìwé, National Archives wà ní Kàdúná, ilé ìkàwé Arewa House náà wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ sì wà fún kíkà. New Nigerian tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966 ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ wo iye tí àpò ìrẹsì jẹ́ lóṣù yẹn, kí ẹ wo ìpolówó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìwé ìròyìn gba ìwé yín. Gbólóhùn kan nípa ìlú tó fún ojú ewé kan nípa ilé.

Àyẹ̀wò: ẹ to ìtàn yín tẹ̀ léra, kí ẹ ka ọjọ́ orí yín nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ọmọ ọdún mẹ́rin bá ń gbé ìṣáná kiri tà, ọdún kan ti yẹ̀.

Ìpele karùn-ún: Ẹ bi àgbà léèrè

Ẹ má jókòó síwájú Màmá pẹ̀lú bírò bí ọlọ́pàá tó ń gba ẹjọ́. Ẹ lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí wọ́n ń já ewé, kí ẹ bá wọn ṣe é. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n gbà, kí ẹ tó tẹ fóònù.

Ìbéèrè tó ń ba nǹkan jẹ́ ni "Báwo ló ṣe rí lára yín?" Ìdáhùn rẹ̀ ni "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó sì ti parí. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ní orúkọ:

"Màmá, ta ló kọ́kọ́ yá yín lówó ẹ̀wà?"

"Ìyá Risi ni. Ó ní kí n má sọ fún ọkọ òun."

"Kí ló dé tí wọn ò fẹ́ kí ọkọ wọn mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ ti wọlé nìyẹn. Tí wọ́n bá ní "Fi ìyẹn sílẹ̀," ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ tàbí ẹkún mú wọn. Àgbà tó bá fẹ́ sọ ọ́ á padà pè yín fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn lóru.

Tí ìrántí ẹ̀gbọ́n yín bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sọ ẹni tó sọ èwo. Tí Màmá bá ti lọ, ẹ wá àwọn tí wọ́n jọ ń dájọ, alájọ fúnra rẹ̀, obìnrin tó jókòó tì wọ́n lọ́jà. Ní Sabon Gari Kánò, ẹ lè bá obìnrin tó ti wà ní ìsọ̀ kan náà láti ìgbà tí ẹ wà lọ́mọ.

Àyẹ̀wò: nínú ohùn tí ẹ gbà, ṣé orúkọ ènìyàn kan wà tí ẹ ò gbọ́ rí? Tí kò bá sí, ohun tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ béèrè. Ẹ padà lọ.

Ìpele kẹfà: Ẹ gbé ara yín sáàárín

Ohun kan ń dùn mí nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìwé tí wọ́n ń gbé wá fún mi kà: ìtàn ọmọbìnrin ni, ọmọbìnrin náà ò sì sí níbẹ̀. Ìyá wà, bàbá wà, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó lọ ilé-ìwé gíga wà. Ẹni tó pọn àbúrò, tó gbé àtẹ, tó pọn omi kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di ojú lásán.

Òṣìṣẹ́ ni ọmọ náà. Ẹ kọ iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ìlànà ìpele kẹta. Kí ló gbé tà, lójú pópó wo? Ta ló kó owó náà? Ọdún tí owó ilé-ìwé kò tó ọmọ méjì, ta ni wọ́n ní kó dúró, gbólóhùn wo ni wọ́n sì fi sọ fún un? Nígbà tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, aṣọ wo ló lò, ta ló fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, níbo ló sá a sí nínú ilé tí ayálégbé mẹ́wàá ń gbé? Mo mọ̀ pé a kì í sọ èyí ní gbangba. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí ò tíì rí i kà níbì kankan.

Ẹ ya ohun tí ọmọ náà mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ mọ̀ nísinsìnyí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ̀ pé wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù; ó mọ̀ pé Bàbá wà nílé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kó mọ ìyẹn nìkan. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ìyókù, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ tuntun.

Tí inú bá ń bí yín sí òbí yín, ẹ kọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, àti ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ má kọ irú ènìyàn tó jẹ́. Bákan náà tí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ fi bírò pupa sàmì sí gbólóhùn tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń ṣe nǹkan. Ojú ewé mẹ́ta tó tẹ̀ léra tí kò ní pupa, ẹ ti sá kúrò níbẹ̀.

Ìpele keje: Orúkọ, àṣírí, rògbòdìyàn

Ẹ yí orúkọ aládùúgbò padà, kí ẹ yí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí yàrá rẹ̀ padà pẹ̀lú, nítorí orúkọ nìkan kò bo ẹnikẹ́ni láàárín àwọn tó bá yín gbé ilé. Ohun tó bá kan ẹni tó wà láàyè, àìsàn, ìyàwó kejì, olè, ẹ kà á sókè fún un kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Òun ló ni ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Rògbòdìyàn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ kọ. Ẹ má kọ "àwọn Hausa", ẹ má kọ "àwọn Kìrìsìtẹ́nì", bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ kọ ohun tí ẹ fi ojú yín rí láti ibi tí ẹ wà: ẹni tó kan ilẹ̀kùn, ohun tó sọ, onílé tó sé yín mọ́ yàrá ìyàwó rẹ̀, iye ọjọ́ tí ẹ lò níbẹ̀, ohun tí wọ́n fún yín jẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún yín lẹ́yìn náà, ẹ sọ pé wọ́n sọ ọ́ ni. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé ẹni tó fi yín pamọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí ẹnì kan láti ìdákejì, tó gbé ìlú náà lọ́dún yẹn, kà á. Ó lè má fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó dá ìlú náà mọ̀.

Ìpele kẹjọ: Títẹ̀

Èyí yára. Gboard orí fóònù ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ẹ máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín tí ẹ bá ti kọ tán lójoojúmọ́, nítorí wọ́n ń jí fóònù. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ti dáàbò bo iṣẹ́ yín látìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀; ẹ má sanwó fún ẹni tó bá ní òun ló máa fún yín ní ẹ̀tọ́ náà. Nọ́ńbà ISBN tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, National Library of Nigeria ló ń fúnni, olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Àbújá níbí.

Ẹ ní kí ilé ìtẹ̀wé fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́, torí àwọn tó bá yín gbé ilé yẹn ti ń lo awò. Kí ẹ tó san àṣansílẹ̀, ẹ gba ojú ewé kan lọ́wọ́ wọn lórí bébà, kí ẹ wo "ṣ", àti "ẹ" pẹ̀lú "ọ" tó ní àmì ohùn lórí. Tí àmì bá ti já bọ́ tàbí tó di àpótí kékeré, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ fọ́ǹtì, kí ẹ tún gba ojú ewé mìíràn wò.